Pseudomonas àbí Halomonas: Ta Ni Ká Gbé Omi Oníyọ̀ Fún?

Omi tó ń bá epo rọ̀bì jáde láti inú ilẹ̀ kì í ṣe omi lásán. Iyọ̀ inú rẹ̀ a máa ju ti òkun lọ nígbà mìíràn, bẹ́nsíìnì àti fénọ́ọ̀lù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kábọ́ọ̀nù 6 ló so kọ́ra bí òrùka nínú májèlé méjèèjì, òrùka yẹn ló ṣòro já.

Nínú àwọn bakitéríà tó lè já a, Pseudomonas putida lókìkí jù. Inú ilẹ̀ àti omi tí kò níyọ̀ ló ń gbé, kíá ló sì ń pọ̀ sí i. Ẹbí rẹ̀ ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ananda Chakrabarty tún dá ní Amẹ́ríkà kó lè máa jẹ epo rọ̀bì, tí ọ̀rọ̀ fi dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 1980. Adájọ́ 5 nínú 9 ló fọwọ́ sí i pé ó lè gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun ẹlẹ́mìí tó tún dá. Ariwo yẹn pọ̀ ju iṣẹ́ lọ o. Wọn kò fi kòkòrò náà pa epo rẹ́ lójú òkun rí.

Ta ló gbọ́ orúkọ Halomonas organivorans rí? Nínú ilẹ̀ oníyọ̀ ní Isla Cristina, gúúsù Sípéènì, ni wọ́n ti rí i. 2004 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ó ń jẹ fénọ́ọ̀lù, ibi tí iyọ̀ bá sì ti tó ìlọ́po méjì ti òkun lara ti ń tù ú jù.

Ọgbọ́n ìjẹun wọn jọra: àwọn méjèèjì a fi ọ́síjìn kọlu òrùka náà títí yóò fi já, wọ́n á wá jẹ èyí tó kù. Ara ni kò rí bákan náà. Iyọ̀ púpọ̀ ń fa omi ara Pseudomonas jáde bí ìgbà tí wọ́n da iyọ̀ bo ẹja tútù. Ní ti Halomonas, ó ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ ectoine sínú ara rẹ̀ kí omi má bàa sá (èyí kan náà tí wọ́n ń pò mọ́ ìpara). Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ì bá fi pọ̀ sí i ló ń ná sórí rẹ̀, ọ́síjìn kì í sì í pọ̀ nínú omi oníyọ̀. N ò lè pè é ní ayára.

Síbẹ̀, òun ni mo fara mọ́ níbi omi kànga epo. Ẹni tó bá ní ká bu omi là á kí Pseudomonas lè ráyè ṣiṣẹ́, kó ṣírò rẹ̀ wò: bí iyọ̀ bá jẹ́ gíráàmù 100 nínú lítà kan, omi tútù lítà 9 la máa bù sí i kí iyọ̀ tó di gíráàmù 10 nínú lítà kan. Lítà kan tó lóró ti di lítà 10 tó lóró nìyẹn, omi tó ṣeé mu sì ti bá a lọ.

Ní Nisisioken Ogale, nílẹ̀ Ògóní, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 2011, UNEP, àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, rí i pé bẹ́nsíìnì inú kànga omi mímu níbẹ̀ ju ìwọ̀n tí WHO fọwọ́ sí lọ ní ìlọ́po 900. Kò sí iyọ̀ tí Halomonas yóò fi gbéra nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ẹbí Pseudomonas ni kí wọ́n pè síbẹ̀.