Ọmọ Mi Ń Pọ Ọmú

Lọ́dún tí mo bí ọmọ mi kejì, kò sí bùbá mi kan tí omi ọmú kò gbẹ mọ́ léjìká. Abúlé wa kò jìnnà sí Lálùpọn, ní Lágelú. Gaàrí ni mò ń yan níbẹ̀. Bí ọmọ náà bá mu ọmú tán, kì í pẹ́ tí yóò fi pọ̀ ọ́ jáde. Nígbà mìíràn á ti dì, bíi wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé kiri.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi, inú ọmọ yìí kò dára. Jẹ́ ká fún un lágbo jẹ̀dí." Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, àyà ń já òun náà. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu, ó rọ ọ́. Àgbo pá a lórí. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lára mi títí dòní.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mo sọ fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ó bọ́ aṣọ ọmọ, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó yẹ káàdì rẹ̀ wò. "Ìyá ọmọ, ó ń wúwo sí i. Aṣọ yín nìkan ni ọmú yìí ń bà jẹ́."

Ó ní iṣan kan wà tó ń fún ẹnu àpò ikùn pa, bí a ti ń fi okùn so ẹnu àpò gaàrí. Ti ọmọ tuntun kò tíì le, ó ń tú nígbàkigbà. Ikùn ọmọ oṣù kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyin adìyẹ ńlá lọ, olómi sì ni gbogbo oúnjẹ rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 ló ń pọ ọmú lójoojúmọ́. Ní nǹkan bí oṣù 4 ló máa ń peléke, àmọ́ kí wọ́n tó pé ọdún kan, ọ̀pọ̀ jù lọ ti bọ́ nínú rẹ̀.

Ó wá bi mí ohun tí mo máa ń ṣe lẹ́yìn tí ọmọ bá mumú tán. Mo ní mo máa ń pọ̀n ọ́n kíá, mo fún òjá pinpin, mo sì padà sídìí agbada. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ikùn tó kún, mo tún fi ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́, mò ń bẹ̀rẹ̀, mò ń nàró.

Ó ní kí n máa fún un lọ́mú díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Kí n gbé e lé èjìká kó gùnfẹ̀. Kí n gbé e lóòró fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó pọ̀n ọ́n. Bí ó bá fẹ́ sùn, ẹ̀yìn ni kó fi lélẹ̀. Mo ní ṣé kò ní í pá a lórí? Ó ní tí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ló wà lókè, ti oúnjẹ wà nísàlẹ̀. Ó ṣòro kí ohun tó bá padà wá gòkè wọ ibi èémí. Kò gbọdọ̀ sí àgbo, kò gbọdọ̀ sí omi pàápàá, títí yóò fi pé oṣù 6.

Ọkọ mi ti fẹ́ ra òògùn olómi kan. Mo kọ̀. Mo rántí òògùn eyín My Pikin ní ọdún 2008: kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀ ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́, ọmọ 84 ló sì kú.

Èyí kò ní ká fọwọ́ lẹ́rán o. Bí ohun tó ń jáde bá jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí ẹ̀jẹ̀, bí ó bá ń ta jáde jìnnà lẹ́yìn gbogbo ọmú, bí ara bá gbóná, bí àwùjẹ bá jìn wọnú, bí kò bá tọ̀ dáadáa, tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bó gba ká dé ilé ìwòsàn ńlá UCH n'Íbàdàn, ká dé ibẹ̀.

Ìṣòro mi ni pé ta ni yóò gbé ọmọ lóòró nígbà tí iná ń jó lábẹ́ agbada? Ìyá ọkọ mi ló dáhùn. Ó ní, "Gbé e wá." Agbada gaàrí kan la fi ń wọn àkókò náà: bí mo bá da gaàrí sórí iná, á gbé ọmọ lé èjìká, á máa kì í ní oríkì. Kò ní í sọ ọ́ kalẹ̀ títí gaàrí yóò fi gbẹ. Kò pẹ́ tí omi ọmú fi ń gbẹ mọ́ èjìká tirẹ̀ náà.