Kí Ọmọ Tó Rákò Lórí Táìlì Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Nù

Bí ẹ bá da Izal díẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, omi náà á funfun bíi wàrà lójú ẹsẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ilé kan. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí òórùn yẹn bá ti ń ta, ilé ti mọ́ nìyẹn. Òórùn kọ́ ló ń pa kòkòrò àrùn o. Kò sì lè sọ fún yín bóyá ọmọ tó ń rákò tàbí ológbò tó ń lá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti lè gba orí táìlì yẹn kọjá.

Ọ̀pọ̀ oògùn ìfọlẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ ní jàǹbá bí ẹ bá bu omi là á dáadáa, tí ilẹ̀ sì ti gbẹ kí ọmọ tó débẹ̀. Ìgbà tó bá ki, tàbí tí ilẹ̀ ṣì tutù, ni ewu wà. Ọmọ tó ń rákò kì í fọwọ́ kan ilẹ̀ kó má ki ọwọ́ náà bọ ẹnu, imú rẹ̀ sì sún mọ́ ilẹ̀ ju imú àgbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú bílíìṣì, irú Jik àti Hypo. Ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára èyí tí a sábà ń rà. Ẹ wo ara ìgò kó lè dá yín lójú. Bó ṣe wà nínú ìgò yẹn, ó lè bó awọ ara, ó sì lè ba ojú jẹ́. Nígbà àrùn kòrónà ní 2020, ìdá 0.1 péré ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká máa fi nu ilẹ̀ àti tábìlì. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ife bílíìṣì 1 á gba ife omi 34. Ọṣẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi fọ ìdọ̀tí kúrò, torí ìdọ̀tí máa ń jẹ agbára bílíìṣì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn tó ń po Jik mọ́ Harpic kí iṣẹ́ lè yá. Ásíìdì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ìfọ-ṣáláńgá bíi Harpic. Bó bá pàdé bílíìṣì, gáàsì chlorine ló máa jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí ọ̀tá wọn ní Ypres lórílẹ̀-èdè Belgium ní 1915. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló ń lọ, níbi tí ọmọ àti ajá wà. Ìtọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ pàdé bílíìṣì. Bí ọmọ tàbí ajá bá tọ̀ sílẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọ́ mọ́ tónítóní kẹ́ ẹ tó ronú kan Jik.

Ti ológbò tún yàtọ̀. Kẹ́míkà tó jẹ́ ìran phenol ló wà nínú Izal àti Dettol. Ẹ̀dọ̀ èèyàn àti ti ajá lè sọ ọ́ di ohun tí ara á tọ̀ dànù, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára yẹn tó. Ológbò á tẹ ilẹ̀ tútù, á jókòó, á lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, májèlé náà á sì dúró sí i lára. Bí itọ́ bá ń da lẹ́nu rẹ̀, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí kò jẹun, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran. Ilé tí ológbò bá wà, èmi ò gbà kí wọ́n fi Izal nu ilẹ̀ rẹ̀ rárá.

Síbẹ̀, ìgò fúnra rẹ̀ léwu ju ilẹ̀ lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rọ Izal sínú ìgò mínírà tà lọ́jà, láìsí àkọlé kankan lára rẹ̀. Jik rí bí omi, Izal tí a bu omi là rí bíi wàrà. Kí ni ẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún méjì rò?

Bó bá ti gbé e mu, ẹ má rọ ọ́ ní epo pupa, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ohun tó jó ọ̀nà ọ̀fun nígbà tó ń lọ yóò tún un jó nígbà tó bá ń bọ̀, epo tàbí èébì sì lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá dá, tó sì ń gbé nǹkan mì, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Ẹ pe 112, tàbí 767 bó bá jẹ́ Èkó, kẹ́ ẹ sì mú ìgò náà dání lọ sílé ìwòsàn. Bó bá ta sí ojú, ẹ ṣí omi sí i fún ìṣẹ́jú 15.

Ọṣẹ àti omi tó fún ilẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo. Ẹ fi bílíìṣì sílẹ̀ di ọjọ́ tí ẹnì kan bá bì tàbí tó ń ṣu sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun lónìí, ẹ lọ wo ibi tí ìgò Jik yín wà. Bí ọwọ́ ọmọ bá lè tó o, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.