Kókó Tó Ń Yọ Lára Ìpéǹpéjú: Kí Ló Ń Fà Á?



Ìyá kan tó ń tọ́ ọmọ òrukàn mú ọmọ náà wá bá wa lọ́jọ́ tí à ń pín oúnjẹ. Kókó kan ti wà lára ìpéǹpéjú òkè rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Àwọn ará ilé ní ó yọjú wo ohun tí kò yẹ kó wò ni. Irọ́ ni o! Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n mo ti bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè.

Nínú ìpéǹpéjú kọ̀ọ̀kan, lókè àti nísàlẹ̀, ihò kéékèèké tó lé ní 20 ló wà tó ń sun ọ̀rá. Ọ̀rá yìí ni kì í jẹ́ kí omi ojú tètè gbẹ. Bí ọ̀kan bá dí, ọ̀rá á ṣù sínú rẹ̀, á di kókó tí kì í sábà dunni, tó sì lè pẹ́ kó tó lọ. Bí kòkòrò àìfojúrí bá wọ ibẹ̀ tàbí ìdí irun ìpéǹpéjú, eéwo ni yóò dà: á pọ́n, á máa ta, á mú ọyún. Ọwọ́ ìdọ̀tí a máa fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni igi tìróò kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ń lò. Ẹni tí kókó bá yọ sí lójú, kó fi tìróò sílẹ̀ ná.

Ẹ rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ara lè gbà, kí ẹ fi lé ojú náà ní dídì fún ìṣẹ́jú 10, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Púpọ̀ nínú wọn á lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú u. Ìtọ̀, omi ọmú àti àgbo kò gbọdọ̀ wọnú ojú. Oògùn ojú tí a kàn rà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì náà léwu, nítorí èyí tó bá ní sìtẹ́rọ́ọ̀dù nínú, bí a bá lò ó pẹ́, lè fọ́ni lójú.

Àwọn àgbàlagbà kan a máa ní ohun pẹlẹbẹ tó pọ́n rúsúrúsú nítòsí imú. Kì í dunni, ṣùgbọ́n kí wọ́n lọ yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Èyí tó ń yọ padà síbi kan náà lójú àgbàlagbà, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí irun ibẹ̀ ń já, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Kí dókítà gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Ti ọmọdé ló yẹ ká ṣọ́ jù. Títí di nǹkan bí ọdún 7 tàbí 8, ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń kọ́ bí a ti ń ríran. Kókó ńlá tó ń tẹ ẹyinjú, tàbí tó bò ó, lè mú kí ọpọlọ máa lo ojú kejì nìkan, bí ó bá sì pẹ́, àtúnṣe rẹ̀ á ṣòro. Bí gbogbo ojú bá wú pẹ̀lú ibà, tí ẹyinjú ń yọ síta tàbí tí kò ṣeé yí, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọ̀la.

Ọmọ tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré. Inú ìpéǹpéjú ni wọ́n ti là á, kò sí àpá lóde. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lójú ọmọ èyíkéyìí lọ́dọ̀ yín, tí kò sì lọ láàárín oṣù kan, ẹ tètè sọ fún wa.