Ìrìn-àjò sí Ilẹ̀ tí Ń Mì

Ìbéèrè tí olóòtú ètò wa gbé síwájú wa ni pé: bí ọmọ ẹni bá ní òun ń lọ sí Jàpáànù, ilẹ̀ tí kì í sinmi mímì, ṣé kí a dá a dúró ni, tàbí kí a fi àdúrà sìn ín? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti eré. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ti ra ìwé ọkọ̀ kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń mi ilẹ̀. Èèpo ayé tí a ń tẹ̀ yìí kì í ṣe odidi kan. Ó pín sí awẹ́ awẹ́ bí obì, awẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń rìn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ́dún. Mẹ́rin nínú wọn ló pàdé lábẹ́ Jàpáànù. Níbi tí ọ̀kan ti ń wọ abẹ́ èkejì, wọn a há mọ́ra, agbára a sì máa kóra jọ síbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí di ọjọ́ tí wọn yóò já kúrò lára ara wọn lójijì. Ìjákúrò yẹn ni à ń pè ní ìmìtìtì ilẹ̀. Àwa jìnnà sí etí awẹ́ tiwa. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ tí ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1984 fi di ohun ìyanu, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ ní Tokyo kò lè dá oúnjẹ dúró lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Àwọn onímọ̀ lè sọ ibi tí ewu wà, wọ́n lè sọ bí yóò ti le tó. Ọjọ́ gan-an ni kò sí ẹni tí ó lè dá. Àgbàsọ ní ń kún àyè tí ìmọ̀ fi sílẹ̀ yìí. Obìnrin ayàwòrán kan, Ryo Tatsuki, tún ìwé àwòrán rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2021, ó ní òun lá àlá àjálù ńlá kan fún oṣù keje ọdún 2025. Àlá ni o. Àwọn ènìyàn mú ọjọ́ 5 oṣù náà, wọ́n sọ ọ́ di ọjọ́ ìparun. Àwọn arìnrìn-àjò láti Hong Kong bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìpinnu padà, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan sì dín iye ìgbà tí wọ́n ń fò kù. Ọ̀gá àgbà àjọ tí ń rí sí ojú-ọjọ́ ní Jàpáànù jáde láti sọ pé irọ́ gbáà ni. Ọjọ́ 5 dé, ó sì lọ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí ilẹ̀ wá mì ní Kamchatka ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 30, àwọn kan ní, “Ẹ ò rí i?” Ẹni tí ó bá sọ pé òjò yóò rọ̀ ní Ìbàdàn lóṣù keje kò ní ṣàìrí òjò.

Àgbàsọ kì í ṣe ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, ilẹ̀ mì ní Tokyo àti Yokohama nígbà tí ó kù díẹ̀ kí agogo méjìlá ọ̀sán lù, tí iná oúnjẹ wà lábẹ́ ìkòkò káàkiri. Ó lé ní 100,000 ènìyàn tí ó kú tàbí tí a kò rí mọ́, iná ló sì pa èyí tí ó pọ̀ jù. Iná kò tíì kú tán tí àwọn kan fi ń pariwo pé àwọn ará Korea ń da májèlé sí kànga; wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn láìṣẹ̀ láìrò.

Ẹ wá wo bí ìkìlọ̀ tòótọ́ ti ń rí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2024, ilẹ̀ mì létíkun Miyazaki. Àjọ ojú-ọjọ́ kéde, fún ìgbà àkọ́kọ́, pé ó ṣeé ṣe ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kí ìmìtìtì ńlá wáyé ní kòtò òkun Nankai. Wọn kò sọ pé yóò wáyé. Olórí ìjọba, Fumio Kishida, fagi lé ìrìn-àjò rẹ̀ sí Àáríngbùngbùn Éṣíà. Ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá dín eré kù ní apá kan ojú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ènìyàn ra omi pamọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ká ìkìlọ̀ náà kúrò.

Ọkọ̀ ojú irin yìí pàápàá tó ohun tí à ń sọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá mì, ìgbì méjì ní ń jáde: èyí tí ó yára kò lágbára púpọ̀, ó dà bí akéde tí ń sáré ṣáájú ọba, èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni abàlújẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n rì sétí òkun a gbọ́ ohùn akéde, a sì gé iná ọkọ̀ kí ìjánu lè mú un. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, tí ìmìtìtì ilẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 9.0 wáyé, kò sí èrò kan tí ó kú nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí.

Omi ló pa àwọn ènìyàn lọ́jọ́ náà. Àwọn ará etíkun Sanriku ní ọ̀rọ̀ kan, tendenko, tí ó túmọ̀ sí pé kí oníkálukú sá lọ sórí òkè, kí ó má dúró de ẹnìkan. Ó le létí Yorùbá. Ìyá wo ni yóò sá fi ọmọ sílẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ìyá lè sá nítorí ó mọ̀ dájú pé ọmọ òun náà ti ń sá, wọ́n ti jọ sọ ọ́ nílé kí ọjọ́ náà tó dé. Ní Kamaishi, àwọn ọmọ ilé-ìwé girama kan kò dúró de àṣẹ. Wọ́n bẹ́ sí eré, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìtòsí rí wọn, wọ́n sì tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé ibi àkọ́kọ́ kò ga tó, wọ́n tún gòkè sí i. Nǹkan bí 600 ọmọ ló là bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ náà lè lọ. Kí ó bèèrè bóyá ilé tí yóò sùn ni wọ́n kọ́ lẹ́yìn òfin ilé kíkọ́ ti ọdún 1981. Ilé àtijọ́ ló wó pa èyí tí ó pọ̀ jù ní Kobe ní ọdún 1995. Kí ó gbé bàtà àti tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, nítorí dígí tí ó fọ́ kì í jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ lásán sá. Bí ilẹ̀ bá ń mì, abẹ́ tábìlì ni kí ó wọ̀. Bí ó bá sì wà létíkun, kí ó má ṣe tẹ̀ wá láago kí ó tó gòkè.