Owó Ọsibítù Kí Àìsàn Tó Dé

Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù ní Nàìjíríà, iwájú ẹni tó ń gbowó ni ẹbí aláìsàn ti ń kọ́kọ́ dúró kí wọ́n tó fojú kan dókítà. Wọ́n á ní kí wọ́n lọ san dípósíìtì. Ẹni tí kò ní in lọ́wọ́ á máa pe ẹ̀gbọ́n, á máa pe àbúrò, á pe ẹni tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Lọ́pọ̀ ìgbà sì ni ìwé ìròyìn ti gbé ìtàn ìyá ọlọ́mọ tuntun tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, tí ara rẹ̀ ti yá, àmọ́ tí wọn ò jẹ́ kó lọ sílé àfìgbà tẹ́nì kan bá wá san gbèsè.

Nínú 100 náírà tí wọ́n ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, nǹkan bíi 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Ọdún 2005 ni ètò adójútòfò ìlera, tí àwọn ènìyàn ti ń dáwó sílẹ̀ kí àìsàn tó dé, ti bẹ̀rẹ̀ láyé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣèwádìí kárí orílẹ̀-èdè lọ́dún 2018, obìnrin 97 nínú 100 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49 ni kò ní in rárá. Bákan náà lọmọ ṣorí lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ètò náà bá lára mu, torí owó oṣù wọn ṣeé yọ kó tó dé ọwọ́ wọn. Ta ni yóò yọ ti alátẹ ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn tàbí ti ọlọ́kadà?

Ibi tí àìní adójútòfò ti ń ṣe ọṣẹ́ jù kì í ṣe ọsibítù. Ilé ni. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Wọ́n kọ oògùn oṣù kan fúnni, onítọ̀hún ra sáṣẹ́ẹ̀tì kan péré ní kẹ́míìsì, ó lò ó tán, orí ò fọ́ ọ mọ́, ó bá ṣíwọ́. Ó fi àgbo kún un. Oṣù ń lọ, ọdún ń lọ, títí rọpárọsẹ̀ fi gbé e ṣánlẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n á wá ta ilẹ̀, tí owó iléèwé ọmọ á sì wọ̀ ọ́.

Wọ́n ti wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní ní ìgbèríko Ìpínlẹ̀ Kwárà. Láti ọdún 2007, àjọ kan láti ilẹ̀ Netherlands, ìjọba ìpínlẹ̀ náà àti ilé iṣẹ́ Hygeia gbé adójútòfò lọ bá àwọn àgbẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni àgbẹ̀ ń san lọ́dún nígbà náà, àjọ náà àti ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n tún àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ ṣe pẹ̀lú. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2014 fi hàn pé láàárín ọdún méjì, ìfúnpá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lágbègbè náà fi ìwọ̀n bíi 10 wálẹ̀, ìwálẹ̀ náà sì fi nǹkan bíi 5 ju ti agbègbè tí ètò náà kò dé lọ. Káàdì adójútòfò nìkan kọ́ ló ṣe é o: oògùn wà nílẹ̀, nọ́ọ̀sì sì wà nídìí iṣẹ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ará ìlú. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú náà pàṣẹ irú rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2024, níbi tí wọ́n ti ń pe ètò tiwọn ní Ìlera Èkó. Dandan tibẹ̀ kò tíì le. Kò sí ọlọ́pàá tó ń béèrè káàdì ìlera lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Mushin.

Ohun tó ń di ọlọ́jà lọ́wọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Ó ń dá àjọ lójoojúmọ́, owó rẹ̀ á sì padà wá bá a lópin oṣù. Ti adójútòfò kì í padà; ẹni tí ara rẹ̀ le lọ́dún yìí ti fi owó rẹ̀ tọ́jú ẹlòmíràn nìyẹn. Nítorí náà, àwọn mìíràn ń dúró dìgbà tí oyún bá dé kí wọ́n tó lọ forúkọ sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ aláìsàn nìkan ló ń dáwó, àpò náà ò ní pẹ́ gbẹ.

Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ náà ń ráhùn, wọn ò sì jẹ̀bi. Wọ́n ní bí àwọn bá ti yọ káàdì, oògùn á ní òun ti tán, ẹni tó kówó sọ́wọ́ á sì wọlé ṣáájú àwọn. Owó wà lára ohun tó fà á. Fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá, 750 náírà lóṣù ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera, tó ń jẹ́ NHIA báyìí, ń san fún ilé ìwòsàn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìbáà ṣàìsàn, ìbáà má ṣe. Lọ́dún 2025 ni wọ́n sọ ọ́ di 1,450. Ilé ìwòsàn tí orúkọ 200 péré wà lọ́wọ́ rẹ̀ á rí 290,000 náírà gbà lóṣù, owó tí kò tó san owó oṣù nọ́ọ̀sì mélòó kan. Èyí tó ní 5,000 á gba mílíọ̀nù méje àti 250,000, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gbà á lé lórí ni kò sì ní yọjú lóṣù yẹn.