ISO (ọ̀rọ̀-orúkọ, iṣẹ́ fọ́tò)

Ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń fèsì sí ìmọ́lẹ̀. Orúkọ àjọ àgbáyé tí ń fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ ni. Ní ọdún 1974 ni a pa òṣùwọ̀n fíìmù ASA ti Amẹ́ríkà àti DIN ti Jámánì pọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ìlò: À ń gbé ISO sókè, a sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àṣìlò ni “tan ISO”, nítorí kì í ṣe àtùpà. Kò bu ìmọ́lẹ̀ kún èyí tí ó wọ inú kámẹ́rà. Èyí tí ó wọlé náà ni ó ń sọ di ńlá, bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń gbé ohùn sókè tòun ti ariwo inú rẹ̀.

Ìlọ́po méjì ni ìṣísẹ̀ rẹ̀: 100, 200, 400, 800, 1600. Nínú oòrùn, 100 tó. Lábẹ́ àtíbàbà lóru, bí a bá lo 1600, ìdá kan nínú 16 àkókò tí ojú kámẹ́rà ì bá fi ṣí ní 100 ni yóò fi ṣí, ijó ìyàwó kò sì ní di bàìbàì. Lóòótọ́, àwòrán náà lè rí bí ẹni pé a wọ́n iyanrìn sí i, àgàgà lára aṣọ dúdú. Síbẹ̀, ó sàn ju ojú tí a kò dá mọ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ: Ilẹ̀ ti ṣú, gbé ISO sí 1600 kí ìyàwó tó jáde.