Kí Ló Ń Sọ Ọbẹ̀ Ẹyin Di Ògì?

Ẹ̀yin ará kíláàsì mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: púpọ̀ nínú wa ló ti ba ọbẹ̀ ẹyin jẹ́ rí. Èmi náà wà níbẹ̀. Ẹyin mẹ́ta péré ni Màámi rà fún àwa márùn-ún tí a fẹ́ fi jẹ iṣu. Mo da ẹyin sínú ata tó ṣì ń ṣomi, mo wá ń rò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Ló bá di ògì pupa. Àbúrò mi ní, "Àǹtí mi, ẹyin dà nínú ẹ̀?"

Omi ló fà á. Tòmátì kún fún omi. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé àti rodo díẹ̀, ẹ sè é kí omi ẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó fi òróró àti àlùbọ́sà dín in títí òróró á fi léfòó. Ẹ fi iyọ̀, magí àti táímù sí i.

Ẹ wá dín iná kù. Ẹ da ẹyin tí ẹ ti pò sórí ẹ̀, kí ẹ sì ká ọwọ́ kúrò! Tí ooru bá tó nǹkan bí 62°C, funfun ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, pupa ẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá rò ó kó tó dì, inú ata ló máa fọ́ sí. Ó tó ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó fi ṣíbí yí i. Ẹ jẹ́ kó jinná o, torí kòkòrò Salmonella lè wà nínú ẹyin tútù.

Àwọn ará Tùnísíà ní tiwọn, ṣakṣúkà: odindi ẹyin ni wọ́n ń fọ́ sórí ata. Ó dáa, àmọ́ ẹni mẹ́ta ni ẹyin mẹ́ta máa kàn. Nílé tiwa ní Alajue, pípò ló ń jẹ́ kó kárí.

Mo tún un sè ní Sátidé. Àbúrò mi lá abọ́.